Ṣé Igbó Lè Jẹ́ Oògùn fún Mùsùlùmí?

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí kò sọ àìsàn kan kalẹ̀ láìsọ ìwòsàn rẹ̀ kalẹ̀. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó tọ ipasẹ̀ wọn. Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, mo ń sọ fún ara mi àti fún yín pé kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun ní gbangba àti ní ìkọ̀kọ̀.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, Rotimi Akeredolu, tí ó jẹ́ gómìnà ìpínlẹ̀ wa nígbà náà, àti alága àjọ NDLEA rin ìrìn àjò lọ sí orílẹ̀-èdè Thailand láti wo bí wọ́n ṣe ń gbin igbó fún oògùn. Gómìnà náà sọ ọ́ ní gbangba pé ìpínlẹ̀ Ondo ni ojúkò igbó gbígbìn ní Nàìjíríà, àti pé ó yẹ kí a jèrè rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè kan kò ti kúrò lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ wa: bí ìjọba bá ń wá èrè nínú ewé yìí, tí àwọn òyìnbó sì ń fi í ṣe oògùn, kí ni ó dé tí àwọn alááfà ṣì ń pè é ní hàráámù?

Ìbéèrè náà kì í ṣe ti ọ̀nà jíjìn fún àwa ará Oda. Ẹni tí ó bá mọ ìhà igbó ọba Akure-Ofosu mọ̀ pé kì í ṣe kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀. Orúkọ kan náà ni a fi ń pe aginjù àti ewé náà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ti dà lọ́dọ̀ wa. Àjọ NDLEA a gé e, wọn a sun ún. Àwọn tí ń gbìn ín a tún padà.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú Al-Kùránì. Nínú Súrátul-Bákọrà, ẹsẹ 219, Ọlọ́hun kò sọ pé ọtí kò ní àǹfààní kankan. Ó fi yé wa pé àǹfààní wà nínú ọtí àti tẹ́tẹ́ fún àwọn ènìyàn, ṣùgbọ́n pé ẹ̀ṣẹ̀ inú wọn tóbi ju àǹfààní náà lọ. Nítorí náà, alááfà tí ó bá gun mínbárì tí ó ní igbó kò wúlò fún ohunkóhun ti sọ̀rọ̀ kọjá ìmọ̀ rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2018, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn kan tí wọ́n ń pè ní Epidiolex fún àwọn ọmọ tí oríṣi wárápá líle kan ń ṣe. Láti ara ewé yìí ni wọ́n ti yọ ọ́. Èròjà CBD ni wọ́n yọ, kì í ṣe THC tí í mú ọpọlọ dàrú. Omi oògùn ni. Ìwọ̀n ara ọmọ ni dókítà fi ń wọn iye tí yóò mu, wọn a sì máa yẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wò. Ó ń dín gìrì kù, kì í wo àrùn náà tán.

Ṣùgbọ́n ṣé ohun tí ó bá ti wúlò ni ó ti di ẹ̀tọ́? Tọ́ríkì ọmọ Suwaydi sọ fún Ànábì pé oògùn ni òun ń fi ọtí ṣe. Ànábì sì dá a lóhùn pé àrùn ni, kì í ṣe oògùn. Orí ìlànà pé gbogbo ohun tí ń pani jẹ́ hàráámù ni àwọn onímọ̀ bíi Ibn Taymiyyah, tí ó kú ní ọdún 1328, dúró sí nígbà tí wọ́n ka ewé yìí mọ́ ọtí.

Ẹ wá wo ìdàkejì rẹ̀. Aṣọ sẹ́dà jẹ́ èèwọ̀ fún ọkùnrin Mùsùlùmí. Síbẹ̀, nígbà tí ara ń yún Subáírù àti Abdur-Rahman ọmọ Áófù, Ànábì yọ̀ǹda kí wọ́n wọ̀ ọ́. Ara tí ń yún wọn ni ìyọ̀ǹda náà tẹ̀lé, kò tẹ̀lé aṣọ. Sẹ́dà kò tìtorí rẹ̀ di ẹ̀tọ́ fún ọkùnrin tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹsẹ 173 nínú Súrátul-Bákọrà ṣe fi ààyè gba ẹni tí ìnira mú dé bèbè òkú ẹran, bí kò bá fẹ́ ẹ láti ọkàn wá, tí kò sì kọjá ààlà.

Ẹni tí àìsàn há mọ́, tí dókítà tí a gbẹ́kẹ̀ lé sọ fún un pé kò sí oògùn ẹ̀tọ́ mìíràn tí ó lè ràn án lọ́wọ́, tí kò sì mu ju ìwọ̀n lọ, òun ni ilẹ̀kùn yìí ṣí sílẹ̀ fún. Kò ṣí fún ọ̀dọ́ tí ń fa igbó lẹ́yìn gáréèjì tí ó ní òun ń wo làásìgbò ọkàn òun. Kò ṣí fún ẹni tí ń ta ògógóró tí wọ́n rẹ igbó sí, tí ó ń pè é ní oògùn ibà àti ẹ̀yìn ríro. Ní ti àgbẹ̀ tí ń gbìn ín, mo mọ̀ pé owó ilé ìwé ọmọ ni ọ̀pọ̀ wọn ń wá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń rà á lọ́wọ́ wọn ní òru kì í ṣe apòògùn, òfin orílẹ̀-èdè yìí sì ti ka ewé náà léèwọ̀ láti ọdún 1966.

Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ní wárápá ni ó ká mi lára jù lọ. Àwọn kan yóò sọ fún un pé kí ó fún omi ewé náà sí ọmọ lẹ́nu. Ẹ má ṣe é. Láyé àtijọ́, ìtọ̀ màlúù tí a pò mọ́ ewé tábà ni wọ́n ń rọ fún ọmọ tí gìrì mú, ó sì pa ọ̀pọ̀ ọmọ tí gìrì ìbá má pa. Ewé tútù kò ní ìwọ̀n, THC rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Bí dókítà bá wá kọ oògùn tí a ti wọ̀n, tí òfin sì gbà á, fún ọmọ náà lọ́jọ́ kan, kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ hàráámù lé ìyá rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí.

Ṣùgbọ́n oògùn wárápá tí ó pẹ́ láyé wà ní ilé ìwòsàn wa ní Akure. Àjọ elétò ìlera àgbáyé sọ pé bí àwọn tí ó ní wárápá bá rí ìtọ́jú tí ó yẹ, gìrì lè dáwọ́ dúró lára nǹkan bíi méje nínú ẹni mẹ́wàá wọn. Ìfófòó ẹnu rẹ̀ kì í ràn. Ọmọ tí ẹ gbé pamọ́ sí yàrá, ẹ gbé e jáde lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ Ajé.

Báyìí ni mo wí, mo sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún èmi àti ẹ̀yin.