Kí Olùkọ́ Dákẹ́ Díẹ̀

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Kò sí ẹni tí òwe yìí kò sí lẹ́nu rẹ̀ nínú àwa tí à ń kọ́ni ní yunifásítì. Ṣùgbọ́n ẹ yọjú sí kíláàsì wa, àgbà nìkan ló ń gbọ́n níbẹ̀. Olùkọ́ á rojọ́ títí, á wá ní, "Ṣé ó yé yín?" Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á hó yèè pé, "Ó yé wa, sà!" Ẹ wá nawọ́ sí ẹnì kan kó sọ èyí tó yé e: ìdérí bírò ni yóò fi sẹ́nu.

Mo ti pè wọ́n ní ọ̀lẹ rí. Mary Budd Rowe ló tú mi fó. Ní àwọn ọdún 1970, obìnrin ará Amẹ́ríkà yìí ṣèwádìí lórí bí àwọn tíṣà ṣe ń béèrè ìbéèrè. Ìṣẹ́jú-àáyá kan péré ni ọ̀pọ̀ wọn ń dúró kí wọ́n tó gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọmọ lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n fi sùúrù dé mẹ́ta, ìdáhùn gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ. Kíláàsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ti ṣe é, àmọ́ èmi náà dán an wò. Háà! Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta gùn lójú ẹni tó fẹ́ràn ohùn ara rẹ̀.

Sùúrù nìkan kò sì tó lọ́dọ̀ tiwa. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́: ọmọ tí wọ́n fi èyí tọ́ kò ní ju ẹyin tirẹ̀ sílẹ̀ lójú ọgọ́rùn-ún èèyàn. Ìdí nìyí tí mo fi ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ẹni tó jókòó tì wọ́n. Mi ò sì béèrè ohun tí ìwé ti dáhùn mọ́. Mo lè ní: nínú "Aṣọ náà dára", ṣé ọ̀rọ̀-ìṣe ni "dára" àbí ọ̀rọ̀-àpèjúwe? Ariwo á sọ, bíi ti ọjà.

Ẹni tó bá ṣì í, a kì í fi ṣẹ̀sín. Mo ti bá wọn rẹ́rìn-ín ọmọbìnrin kan rí. Títí wọ́n fi ṣèdánwò, n kò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́.

Láìpẹ́ yìí ni ọmọkùnrin kan dìde lẹ́yìn. "Ẹ má bínú, sà, ohun tí ẹ sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá kọ́ nìyí." Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ké "Yéè!" Mo ṣí ìwé mi wò. Òun ló jàre.