Làákàyè Kì Í Ṣe Ọ̀tá Ìgbàgbọ́

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó fi làákàyè kẹ́ ọmọ ènìyàn. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa, Muhammad.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa nínú Ìsìláàmù, ní ọjọ́ tí Ibrahim, ọmọ Ànábì, jáde láyé, oòrùn ṣókùnkùn lọ́sàn-án. Àwọn ènìyàn ní nítorí ikú ọmọ náà ni. Àhesọ tí ìbá gbé orúkọ Ànábì ga ni, síbẹ̀ kò gbà á. Ó kọ́ wọn pé oòrùn kì í ṣókùnkùn nítorí ikú ẹnikẹ́ni.

Àwa ńkọ́? Ní ọdún 2003, wọ́n dá oògùn àjẹsára rọpárọsẹ̀ dúró ní Kano nítorí àhesọ pé ó ń sọ ọmọ di aláìlèbímọ. Ẹsẹ̀ àwọn ọmọdé ni ó san gbèsè irọ́ náà. Ní ọdún 2013, wọ́n yìnbọn pa àwọn obìnrin tí ń fún àwọn ọmọ ní oògùn yìí ní Kano kan náà.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a wádìí ọ̀rọ̀ kí a tó gbé e kiri. Ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì, kí a fi sùúrù là á lọ́yẹ̀, kí a má ṣe bú u.

Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ tí ó ń ṣàǹfààní kẹ́ wa. Àmín.