Igi Tó Pẹ́ Lódò

Bó ti wù kí igi pẹ́ lódò tó, kò lè di ọ̀nì. Òwe yìí kò ṣòro. Igi ń léfòó, ọ̀nì ń léfòó. Ẹni tó wà lókèèrè lè ṣì wọ́n mú, ṣùgbọ́n bó bá súnmọ́ tòsí, yóò mọ èyí tó léyín lẹ́nu. Ibi tí wọ́n ń sọ òwe náà sí ló ń bí mi nínú.

Ní ilé iṣẹ́ ike kan lójú ọ̀nà Ọba Akran, n'Íkẹjà, ni mo ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn. Àyè fọ́máànì ṣí sílẹ̀. Ọkùnrin tí gbogbo òṣìṣẹ́ mọ̀ pé ipò náà tọ́ sí, ọmọ Àjàṣẹ́ ni, láti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń gbé Agége. Nígbà tó dé, ẹrù ló ń rù, Ègùn àti Faransé díẹ̀ ló sì gbọ́. Yorùbá tó ń sọ lónìí, ẹnu àwọn ìyá olóúnjẹ ní Pẹ́n Sínẹ́mà ló ti kọ́ ọ. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, ara àpò àti dúróòmù tí kẹ́míkà wà nínú wọn ló ti ń kà á. Èyí tí kò bá yé e, a bi ẹni tó wà nítòsí. Ìwé kékeré kan kì í kúrò lápò rẹ̀. Ohunkóhun tí ẹnjiníà bá ṣe sí ẹ̀rọ, yóò kọ ọ́ síbẹ̀: bí ooru ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó fún irú ike kọ̀ọ̀kan, ohun tó ń mú kí bọ́kẹ́ẹ̀tì jáde pẹ̀lú ihò lára, bí wọ́n ṣe ń tú mọ́ọ̀dù láìfọ́ ọ. Bí ẹ̀rọ bá yí ohùn padà lóru, òun ni wọ́n ń lọ jí.

Ọmọkùnrin kan tí ọmọ Àjàṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́ ni wọ́n fi jẹ fọ́máànì. Nígbà tí ẹnì kan béèrè ìdí, àgbà kan nínú àwọn ọ̀gá ní, "Ẹ jẹ́ ká bára wa sọ òótọ́. Bó ti wù kí igi pẹ́ lódò tó..." Kò parí rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọ Àjàṣẹ́ náà bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí ó ti gbọ́ Yorùbá débi tí òwe fi yé e.

Èwo ni ti ọ̀nì níbẹ̀? Ọkùnrin yìí kò sọ pé òun fẹ́ di ọmọ Yorùbá. Fọ́máànì ló fẹ́ jẹ. Ẹ̀rọ ike kò gbọ́ oríkì, kò sì mọ ìlú tí wọ́n ti bí ẹni tó ń tún un ṣe. Ìran ẹni kò ṣeé pààrọ̀, òótọ́ ni òwe sọ níbẹ̀. Ìmọ̀ kì í ṣe ìran. Ẹni tó bá fi òwe ìran dájọ́ ìmọ̀, olè ló ń jà. Ọ̀nà tí ilé iṣẹ́ náà dojú kọ pàápàá, orúkọ Ọba Akran ti Àgbádárìgì ló ń jẹ́, Ègùn sì ni ìlú rẹ̀.

Agége wo ni a fẹ́ rí, bí àjòjì kò bá kọ́ nǹkan níbẹ̀? Láyé ìgbà tí Jacob Kẹ́hìndé Coker ń dáko kòkó n'Ífàkọ̀, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ Agége sílẹ̀ ní 1907, àwọn Haúsá wá bá wọn ra obì. Àbàtà ni a fi ń bọ òrìṣà; ṣùgbọ́n gbànja ni Haúsá fẹ́, àgbẹ̀ Agége sì gbìn ín títí ọkọ̀ ojú irin fi ń kó o lọ sókè Ọya. Haúsá kọ́ Yorùbá, Yorùbá kọ́ òwò Haúsá.

Ti búrẹ́dì ńkọ́? Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà, dé sí Nàìjíríà ní 1913 láti ṣe akọ̀wé rélùwéè. Ní 1921 ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ búrẹ́dì. Òun ló mú ẹ̀rọ tó ń tẹ ìyẹ̀fun pípò mọ́lẹ̀ dáadáa wọ ilẹ̀ yìí, èyí tó jẹ́ kí búrẹ́dì Agége kì pọ̀pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kó sì tún rọ̀. Akọ̀wé ni nígbà tó dé; ìlú àjò ló ti di ọba oníbúrẹ́dì. Ó kú ní 1954, ọmọ Jàmáíkà ni títí ó fi kú, kò sì sí ẹni tó torí ìyẹn kọ búrẹ́dì rẹ̀.

Wọ́n ti lo ọgbọ́n inú òwe yìí fún àwa náà rí. Ní oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Kofi Busia ní Gánà fún àjòjì tí kò níwèé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìgbòho tí wọ́n ti bímọ síbẹ̀, tí àwọn ọmọ wọn ń sọ Twi bí ẹni mumi, palẹ̀ ẹrù mọ́. Ní oṣù Kínní 1983, ìjọba Shagari ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ará Gánà níbí. A mọ bó ṣe dunni, a sì tún ṣe é.

Mo gbà pé òwe náà ní ibi tó ti bá mi lára mu. Pípẹ́ nìkan kò kọ́ni ní nǹkan kan. Àwọn èèyàn wa kan wà ní Peckham àti Houston, ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ti lò níbẹ̀, ọ̀nà ibiṣẹ́ àti ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni wọ́n mọ̀. Àwọn mìíràn dé lánàá, wọ́n ti ń lọ sí kíláàsì alẹ́, wọ́n ti ń bi aládùúgbò bí wọ́n ṣe ń ṣe fọ́ọ̀mù, wọ́n ti ń ka ìwé nínú bọ́ọ̀sì. Igi tó kàn sùn sínú omi, jíjẹrà ni yóò jẹrà. Ṣùgbọ́n igi tí wọ́n fi àáké bá wí, tí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀, ọkọ̀ ni yóò dà, yóò sì gba orí ọ̀nì kọjá. Òwe náà kò mẹ́nu ba ọkọ̀ rárá. Ìjà tí mo ń bá a jà nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń yan fọ́máànì n'Íkẹjà, l'Ógbà àti l'Ágége, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí onítọ̀hún tú ẹ̀rọ kó sì tò ó lójú yín, kí ẹ tó bi í ní ìlú bàbá rẹ̀. Bí ẹ kò bá sì fẹ́ gba àjòjì, ẹ sọ ọ́ lẹ́nu ara yín pé ojúsàájú ni. Ẹ má fi sí àwọn baba ńlá wa lẹ́nu.