Èmi Ni Mo Ṣe É

Láti Ọba Akran ní Ìkẹjà títí dé Ògbà àti Oko-Ọba ní Agége, ṣàṣà ni ohun tí a fi irin ṣe tí ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ ibẹ̀ ò ká. Wẹ́dà á gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ sí etí títì, á fi páìpù àti páànù kan ẹ̀yìn tuntun fún tírélà tó ti jóná. Panẹbítà á gba mọ́tò tó takìtì, á lù ú, á lù ú, títí ojú rẹ̀ á fi padà sípò. Ẹni tó ń wá ẹ́ńjìnnì á kọjá sí Ládìpọ̀ ní Múṣin, ẹni tó ń wá irin á gba Òwódé Onírin lọ. Níbi tí gbogbo èyí ti sún mọ́ra tó báyìí, kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu bí ọmọ iṣẹ́ kan bá jí lọ́jọ́ kan tó ní òun náà á ṣe mọ́tò tòun. Mo fẹ́ràn irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dọ́kàn. Ìfẹ́ yẹn gan-an ló mú mi kọ èyí, nítorí kì í sábà jẹ́ inú ṣọ́ọ̀bù ni iṣẹ́ wọn ti ń dojú rú. Ojú títì ni.

Bó ṣe máa ń rí nìyí. Ọmọkùnrin náà ti ń jó irin pọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó fi páìpù onígun mẹ́rin ṣe ṣáásí. Ó ra ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó ti kú, ó rí gíà lára ọkọ̀ mìíràn, síìtì lára ẹ̀kẹta. Lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ dáhùn, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló hó yèè, àwọn ọmọdé sì ń sáré tẹ̀lé e yípo ọgbà. Ta ni yóò wá sọ fún un pé kó má gbé e dé títì? Ó yọ sí ọ̀nà Ògbà, ó dorí kọ Agége. Èrò ń wò ó lọ́tùn-ún lósì. Ọlọ́pàá náà ń wò ó.

"Pákì! Pákì síbí!"

Ó pákì, ó sì ń rẹ́rìn-ín, torí ó rò pé wọ́n fẹ́ yin òun ni. Ọ̀gá tó dá a dúró yí ọkọ̀ náà po. Ó wo iwájú, kò sí nọ́ńbà. Ó wo ẹ̀yìn, kò sí.

"Pátíkúlà dà?"

"Kò tíì ní, sà. Ẹ má bínú."

"Níbo lo ti rí mọ́tò yìí?"

"Èmi ni mo ṣe é, sà."

Gbólóhùn tí wọ́n fi ń pàtẹ́wọ́ fún un ní ṣọ́ọ̀bù ti di ẹ̀rí tó ń jẹ́ lòdì sí ara rẹ̀. Ọ̀gá ní kó ṣí bónẹ́ẹ̀tì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àkísà nu epo kúrò lára ẹ́ńjìnnì, títí nọ́ńbà tí wọ́n gbẹ́ sára irin fi yọ. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ẹ́ńjìnnì yẹn ti inú ọkọ̀ kan wá, ọkọ̀ yẹn ní ẹni tó ni ín, ọmọ náà ò sì gba rìsíìtì lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún un. Ọ̀gá tún wá nọ́ńbà ṣáásí. Ọ̀dà dúdú ló bá pàdé, àti ojú ibi tí wọ́n ti fi iná lẹ irin mọ́ irin. Apá kan ọkọ̀ jẹ́ ti ẹlòmíràn, apá kejì ò ní orúkọ. Ẹ fi ara yín sí ipò ọlọ́pàá tí wọ́n ní kó máa wá ọkọ̀ tí wọ́n jí: kí ló máa fi mọ èyí yàtọ̀ sí mọ́tò tí olè tú palẹ̀ tó sì tún tò pọ̀? Bí wọ́n ṣe wọ́ ọkọ̀ lọ nìyẹn, tí ìyá ọmọ àti ọ̀gá rẹ̀ ń bẹ ẹni tó mọ ẹni káàkiri.

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá gbọ́ irú ìròyìn yìí á ní ìjọba ò fẹ́ kí ọmọ wa dìde. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Pléètì nọ́ńbà tí KJA tàbí GGE wà lára rẹ̀ kì í ṣe pé kó kàn sọ pé Ìkẹjà tàbí Agége ni wọ́n ti forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀. Ó so ọkọ̀ mọ́ ẹnì kan tó máa dáhùn bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Láti 1945 ni òfin ti wà ní Nàìjíríà pé ọkọ̀ tó bá máa rìn ní títì gbọ́dọ̀ ní inṣọ́ránsì tó máa tọ́jú ẹni tí ọkọ̀ náà bá ṣe léṣe. Fún mọ́tò ara ẹni, ₦15,000 ni wọ́n gbé owó rẹ̀ dé láti oṣù Kìíní ọdún 2023. Ọkọ̀ tí kò ní nọ́ńbà, kí ni wọ́n máa kọ sínú ìwé inṣọ́ránsì rẹ̀? Ká ní bíréèkì tí ọmọ yẹn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe já lábẹ́ afárá Pen Cinema, níbi tí ìyá oníbúrẹ́dì àti ọmọ iléèwé ti ń fẹsẹ̀ kọjá, ta ló máa san owó ọsibítù?

Ohun tí a ń sọ yìí ò ṣàjèjì sí Èkó. Mọlúè tó kó bàbá àti ìyá wa fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn wẹ́dà Èkó ló kan ara rẹ̀, láti òrùlé dé ibi ìjókòó. Ṣùgbọ́n orí ṣáásí Mercedes 911 ni wọ́n kàn án lé, ṣáásí tó ti gba nọ́ńbà láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ara rẹ̀ jẹ́ ti wa, orúkọ rẹ̀ ti wà nílẹ̀ kó tó dé.

Benz tí orúkọ rẹ̀ wà níwájú mọlúè yẹn náà ti jẹ́ ọkùnrin tó ṣe mọ́tò fúnra rẹ̀ rí. Ní Mannheim, ní Jámánì, ni Karl Benz ti ṣe ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó sì gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1886. Àwọn ará ìlú fi ariwo àti òórùn rẹ̀ sùn. Dípò kó máa bá wọn jà, ó kọ̀wé sí ìjọba Baden, wọ́n sì fún un ní ìwé àṣẹ láti wa ọkọ̀ náà ní oṣù Kẹjọ ọdún 1888. Ìyàwó rẹ̀, Bertha, ò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Nínú oṣù kan náà ló gbé mọ́tò jáde ní ìdájí láìsọ fún ọkọ rẹ̀, láìtọrọ àyè lọ́wọ́ aláṣẹ kankan, òun àti ọmọkùnrin rẹ̀ méjì, ó di Pforzheim, ọ̀nà tó lé ní 100 kìlómítà. Ilé apòògùn ni ó ti ra epo. Ó fi abẹ́rẹ́ fìlà rẹ̀ tú ojú páìpù tó dí. Nígbà tí bíréèkì jẹ tán, ó ní kí oníbàtà kan lẹ awọ mọ́ ọn. Gbogbo ayé ló ń yin obìnrin yìí, ó sì tọ́ sí i. Àmọ́ ẹ wo bíréèkì yẹn dáadáa. Ọ̀nà oko ni ó gbà, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin díẹ̀ ló bá pàdé. Bíréèkì tó jẹ tán ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ afárá Agége, láàárín dánfó àti tírélà, oníbàtà ò ní ráyè dé ibẹ̀.

Àwọn tiwa náà ti gbìyànjú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀délé Awójọbí, tí wọ́n bí ní Òṣòdì ní 1937, kọ́ni ní Yunifásítì Èkó. Nígbà tí Nàìjíríà kúrò ní apá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún ní oṣù Kẹrin ọdún 1972, ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé sítíà Opel rẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì. Ó tún mú jíìpù kan, ó fi sítíà kejì sẹ́yìn rẹ̀, ó tún gíà rẹ̀ ṣe débi tó fi lè sáré síwájú àti sẹ́yìn bákan náà, ó sì pè é ní Autonov 1. Ní 2014, Ṣẹ́gun Oyèyíọlá, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, mú Volkswagen tí à ń pè ní ìjàpá, ó gbé páànù sólà lé e lórí, ó sì fi ohun tó ń gba agbára lára afẹ́fẹ́ sábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì. Orí ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ ti ṣe ni àwọn méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo máa gba ọmọ Agége tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn náà nìyẹn: ra ọkọ̀ àlòkù tí ìwé rẹ̀ pé, tí nọ́ńbà ṣáásí rẹ̀ bá ìwé mu, kí o sì ṣe àrà rẹ lórí rẹ̀. Bí o bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, jẹ́ kí wọ́n yí i padà nínú ìwé. Gba rìsíìtì lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá tà fún ọ, bó ṣe nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo.

Ìwé àwòrán tìrẹ náà ńkọ́? Dókítà Ezekiel Izuogu ní Òwèrè ṣe Z-600 jáde ní 1997, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ pàápàá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ìjọba ìgbà náà ṣèlérí owó, owó ò dé. Ní oṣù Kẹta ọdún 2006, adigunjalè ya wọ ilé iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n kó mọ́ọ̀dù àti ìwé àwòrán rẹ̀ lọ. Inú ń bí mi títí di òní nígbà tí mo bá rántí rẹ̀. Ẹni tó bá ń ya àwòrán ọkọ̀ sínú ìwé ìkọ̀wé kan ṣoṣo, kó tètè ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kó sì fi pamọ́ sílé ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ nìkan ni ọ̀rọ̀ kàn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá kan mọ́tò nínú gáréèjì rẹ̀ á gbé e lọ fún àyẹ̀wò ìjọba. Wọ́n á wo bíréèkì, iná, sítíà, bẹ́líìtì. Bó bá yege, á gba nọ́ńbà, kódà ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ ò yé èèyàn ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí wọ́n fi lẹ́tà Q bẹ̀rẹ̀. Èkó ní àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò, ọ́fíìsì wọn sì wà ní Ojódù, kò jìnnà sí Ògbà. Ìkẹjà ní ọgbà ilé iṣẹ́ tó ti dákẹ́. Ibẹ̀ ni Dunlop ti ṣe táyà títí di 2008. Kí ìjọba Èkó fi odi yí ilẹ̀ kan ká ní agbègbè yẹn, kí ọ̀gá kan máa wá láti Ojódù lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí àwọn ọmọ fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé mọ́tò wọn wá síbẹ̀ dípò kí wọ́n wà á wá. Kí wọ́n dán bíréèkì wò lójú gbogbo ènìyàn. Èyí tó bá kùnà, kó padà sí ṣọ́ọ̀bù. Èyí tó bá yege, kí wọ́n gbẹ́ nọ́ńbà sára ṣáásí rẹ̀, kí wọ́n sì kọ orúkọ ọmọ tó ṣe é sínú ìwé níbi tí orúkọ ilé iṣẹ́ máa ń wà.