Ibo Ni Adùn Wà?

Bí mo bá wí pé tíì kan dùn ju èkejì lọ, ṣé tíì náà ni mo ń sọ ni, tàbí ẹnu mi? Tíì dúdú méjì tí ó ti Darjeeling wá, ní ẹsẹ̀ òkè Himalaya ní Íńdíà, ni mo fi wádìí ọ̀rọ̀ yìí nílé. Ọ̀kan jẹ́ àkọ́já, ewé nǹkan bí oṣù kẹta. Èkejì jẹ́ ti oṣù karùn-ún sí ìkẹfà. Ìṣẹ́jú 3 ni mo fi rẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú omi gbígbóná, láìsí mílíìkì, láìsí ṣúgà. Àwọ̀ àkọ́já dà bí oyin tí a pò mọ́ omi. Ó ń ta sánsán bí òdòdó, ó sì ń fún ahọ́n pọ̀ díẹ̀, bí obì. Èkejì pọ́n bí bàbà, ó ní òórùn àjàrà.

Títí dé ibí, ẹ̀rí ni mo ń jẹ́. Bí mo bá fi kún un pé èkejì dùn jù, ó di ìdájọ́. Èdè wa mọ ìyàtọ̀ yìí: 'ó dùn' kì í ṣe 'ó dùn mọ́ mi lẹ́nu'. Láti ọdún 2004 ni òfin Íńdíà ti ń dáàbò bo orúkọ Darjeeling, ṣùgbọ́n ibi tí ewé ti hù ni òfin lè jẹ́rìí sí. Àkọ́já sábà máa ń wọ́n jù. Owó rẹ̀ a sì ti bá ahọ́n sọ̀rọ̀ kí omi tó hó. Nítorí náà ni a ṣe fi orúkọ wọn pamọ́ nígbà tí èmi àti ìyàwó mi tún wọn tọ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta. Èkejì ni mo yàn lẹ́ẹ̀mejì. Àkọ́já ni òun yàn lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. N kò rí ohun tí mo lè fi bá a jiyàn.