Ìgbà Kì Í Dúró De Owó

Bíbélì Kíkà: Éfésù 5:15–17, Orin Dáfídì 90:12



Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì gba àwọn ará Éfésù níyànjú pé kí wọ́n máa ra ìgbà padà. Àwa tí a ń ná ọjà ní Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè mọ ohun tí à ń pè ní rírà. Bí a kò bá ráyè lọ sí ọjà ọrọọrún kan, a ó lọ sí èyí tí ó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n bí oòrùn òní bá ti wọ̀, kò sí ọjà tí a ti tún lè rí òní rà.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ àṣìṣe mi. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí a jọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Àbígí, ní Ògùn Waterside, ni ó ń gbé. Ó ránṣẹ́ sí mi títí pé kí n wá lo ọjọ́ mélòó kan lọ́dọ̀ òun. Èsì kan náà ni mo máa ń fún un: "Bí owó ìfẹ̀yìntì mi bá jáde, n ó wá." Mo rò pé kò yẹ kí n lọ lọ́wọ́ òfo. Ọdún ń gorí ọdún. Nígbẹ̀yìn, owó jáde. Mo ra aṣọ, mo ra búrẹ́dì, mo wọ mọ́tò. Ọ̀rẹ́ mi wò mí lójú, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o, mà. Ìyá ta ni yín?" Ẹni tí ó ń pè mí ní "ìwọ" láti ìgbà èwe wa! Àrùn ìgbàgbé ti mú un. Ọmọ rẹ̀ sọ fún mi pé kí ó tó dà bẹ́ẹ̀, ó máa ń béèrè mi ṣáá.

Ẹ̀yin ará, èmi ni ó ń fẹ́ rí, kì í ṣe aṣọ.

Ẹ rántí Susanna Wesley, ìyá John Wesley. Ọmọ 19 ni ó bí. Púpọ̀ nínú wọn kú ní kékeré. Owó kò tó wọn. Gbèsè sọ ọkọ rẹ̀ sẹ́wọ̀n ní 1705. Síbẹ̀, Susanna ya àkókò sọ́tọ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ láti bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni ti John. Ní 1732, nígbà tí John ti di àlùfáà, ó kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀, ó ṣì ń tọrọ ìwọ̀nba àkókò alẹ́ Ọjọ́bọ̀ náà. Ìyá yìí kò dúró kí nǹkan rọ̀ṣọ̀mù kí ó tó jókòó ti ọmọ rẹ̀.

Ta ni ó ni Ọjọ́bọ̀ tiyín? Ṣé ọmọ tí ó ń fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ ń ka owó ọjà ni? Ṣé arúgbó tí kò lè wá sí ìpàdé mọ́ ni? Ṣé arábìnrin tí ẹ̀yin pẹ̀lú rẹ̀ ní aáwọ̀ ni? Ẹ má ṣe sọ pé ó di ẹ̀yìn Ìkórè. Ẹ lọ lọ́sẹ̀ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ lọ́wọ́ òfo.

Mo ṣì ń lọ sí Àbígí lóṣooṣù. Ọ̀rẹ́ mi kò mọ̀ mí, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí n di irun fún òun, a sì jọ ń jẹun. Èyí tí ó kù ni mo ń rà.

Kí Olúwa fún wa ní ọgbọ́n láti mọ iyì ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Àmín.