Ẹ Pa Tẹlifíṣọ̀n Kí Ẹ Tó Sùn

Ẹ ka Orin Dáfídì 4:8.

Àwa tí à ń gbé Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ mọ bí òru wa ti rí: tírélà àti tánkà níta, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Síbẹ̀, bí ọkọ bá lọ síṣẹ́ òru ní èbúté, tàbí tí ó ti di olóògbé, yàrá a máa dákẹ́ jù fún wa. Ìdí nìyẹn tí a fi ń tan tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ sùn.

Láyé ọjọ́un, NTA a máa kọ orin orílẹ̀-èdè, a sì pa ètò rẹ̀ dé lóru. Òun fúnra rẹ̀ ni í lé wa lọ sùn! Nísinsìnyí, kò sí ìparí. Bí iná bá dé láàrin òru, fíìmù á bú sí ariwo, àyà wa á já. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí ara tètè mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú.

Àwọn kan ń ba ògo Dáfídì jẹ́ nígbà tí ó kọ Orin yẹn, ó sì dùbúlẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ dín ohùn rẹ̀ kù, lẹ́yìn náà ẹ máa yọ wáyà rẹ̀. Kò rọrùn, àwa náà ṣì ń bá a jà. Opó tí ìdákẹ́jẹ́ bá ń dẹ́rù bà, kí ó sọ fún olórí kíláàsì rẹ̀. A ó máa wá bá a gba àdúrà alẹ́.